A Fi Bàbá Àgbà Ṣe Àáró Nítorí Ìwé Ẹ̀rí Jamilah

Clinton, Maryland,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Karùn-ún, 1996.

Fàtáì, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùmù. Ṣé dáadáa lo jí ní ìlú ńlá tí wọ́n ní kì í sùn yẹn? Ṣé iṣẹ́ ń lọ geere, ṣé àwọn tí ẹ jọ wà ní ọ́fíìsì kò dá ọ lágara? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ lókè àti nísàlẹ̀. Mo fi ti ìsàlẹ̀ kún un nítorí Jamilah ọmọ rẹ sọ fún mi pé abẹ́ ilẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́ ní Niú Yọ́ọ̀kì ń gbà, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń bẹ Ọba tó yọ Ànábì Yúnúsà nínú ẹja pé kó máa yọ ìwọ náà jáde ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi fóònù sọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Mo pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ohùn rẹ ló dáhùn, ó ní o kò sí nílé, kí n sọ̀rọ̀ bí nǹkan bá ti dún. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀ pé ènìyàn lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò sí nílé, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ bá ọ jà. Nǹkan náà dún, mo sì bẹ̀rẹ̀ bí ọmọlúàbí ṣe ń bẹ̀rẹ̀: mo kí ọ, mo dákẹ́ kí o lè dáhùn, mo béèrè àlàáfíà rẹ, mo dákẹ́, mo béèrè iṣẹ́, mo dákẹ́, mo béèrè àwọn ará ọ́fíìsì, bí mo sì ṣe ní kí n wá sọ ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí fóònù, ó tún dún, ó gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ̀rọ tí kò ní sùúrù kí àgbà kí ènìyàn tán, kí ni yóò fi ọ̀rọ̀ gidi ṣe? Ìdí nìyí tí mo fi mú kálàmù.

Gbogbo ilé wà lálàáfíà. Ìyàwó rẹ Qúdrát ń lọ síṣẹ́ alẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù, ó ń sùn lọ́sàn-án, Sufyan ń dàgbà, bàtà rẹ̀ ti tóbi ju tèmi lọ. Abúlé tí ẹ kó mi sí yìí ṣì dákẹ́ bó ṣe wà. O máa ń rò pé mo ń ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo bá pe Clinton ní abúlé, ṣùgbọ́n ní abúlé tiwa, bí o bá yọjú sí ìta o ó rí ẹni tí yóò béèrè ibi tí ò ń lọ. Níbí, ilé ń bẹ, ọkọ̀ ń bẹ, ènìyàn ni kò sí. Àgbọ̀nrín mẹ́ta ló ń wá jẹ òdòdó ẹnu ọ̀nà yín láràárọ̀, wọ́n ń rìn bí ẹni tó san owó ilé, a ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Mo máa ń kí wọn, nítorí àwọn nìkan ló ń yọjú.

Ohun tó ń dùn mọ́ mi níbí ni pé láti ọjọ́ tí o ti fi orúkọ mi ṣe orúkọ ìdílé rẹ, kò sí ilé iṣẹ́ tí kò mọ̀ mí ní Amẹ́ríkà. Àwọn oníná ń kọ̀wé sí Ọ̀gbẹ́ni Sùnmọ́nù, àwọn olómi ń kọ̀wé sí i. Bánkì kan tí n kò dé rí kọ̀wé pé àwọn ti yẹ ìwà mi wò fínnífínní, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i pé kí n wá yá owó. Mo dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà gan-an, mo dúpẹ́, mo ní n kò dá oko lọ́dún yìí, kí wọ́n fún ẹni tí ìyà ń jẹ. Nítorí náà, nígbà tí fóònù dún lóṣù Kejì, tí obìnrin kan béèrè pé ṣé Ọ̀gbẹ́ni Sùnmọ́nù ló ń sọ̀rọ̀, mo ní èmi gan-an ni, èmi ọmọ Bákàrè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Sísítà Michelle ni, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn Àgùdà tí Jamilah ń lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ń bẹ nípa ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ọmọ náà, kí n yọjú. O mọ̀ pé ó ti tó ogún ọdún tí mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ hẹdimásítà, kò sì sí ilé ìwé tó ń ní kí n yọjú mọ́. Inú mi dùn débi pé agbádá ni mo wọ̀. Jamilah ló wa ọkọ̀, ó ń wà á, ó ń sunkún, mo ní kó jẹ́ kí n máa bá a nu ojú kó lè rí títì. Ó ní Gúráńpà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Dádì. Ó ní o ti búra pé bí òun kò bá bá àwọn ẹgbẹ́ òun jáde lóṣù Karùn-ún, ọ̀dọ̀ Abibat àbúrò rẹ ní Ìsẹ́yìn ni òun yóò ti tún ìwé kà. Mo ní kí ló wá burú ní Ìsẹ́yìn? Ó tún bú sẹ́kún.

Mo ti ń retí sísítà tó wé ìborí bíi ti àwọn tí mo rí nígbà èwe mi. Ẹni tó jáde sí wa gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ bàtà kánfáàsì, ó sì ń rìn bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ já. Ọmọ rẹ bo orí lọ́jọ́ Jímọ̀ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ojú olùkọ́ ló wà lójú rẹ̀, mo dá a mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé ìwé kan lé mi lọ́wọ́ tí gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe kó tó gba ìwé ẹ̀rí, mo sì kà á láti èèpo dé èèpo kí ó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Fàtáì, nígbà tiwa, ohun tí tíṣà bá mọ̀ ni ọmọ ń kọ́. Níbí, ó dà bí ilé oúnjẹ, wọ́n tẹ́ ẹ̀kọ́ kalẹ̀, ọmọ ń nawọ́ sí èyí tó wù ú, àfi àwọn kan tó di dandan kó jẹ kó tó dìde nídìí tábìlì. Ẹ̀kọ́ ìsìn, ọdún mẹ́rin. Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́rin. Ìṣirò, mẹ́ta. Wọ́n ń kọ́ wọn ní eré sísá, wọ́n sì ń fún wọn ní máàkì lé e lórí, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó bá sáré ní kọ́rídọ̀, èmi nínà ni mo máa ń nà án. Wákàtí kan tún wà tí iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ kò ju kó rí i pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan: àwọn ọmọ á jókòó, wọ́n á dákẹ́, kálukú á ka ìwé tirẹ̀. Mo béèrè ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, mo ní bí àyè bá ṣí kí wọ́n rántí mi. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bí ọmọ bá yege nínú rẹ̀, yunifásítì tí kò tíì dé yóò kà á fún un, ìyẹn ni pé ó jẹ oúnjẹ ọ̀la lónìí, wọn kò sì pè é ní ọ̀jẹun.

Wọ́n ní ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́ èdè ilẹ̀ òkèèrè fún ọdún méjì, Sípáníìṣì, Faransé tàbí Látìn. Mo ní Yorùbá ńkọ́? Sísítà ní kò sí olùkọ́. Mo ní òun ló jókòó níwájú rẹ yìí. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló wà? Mo ní ọ̀kan péré ni, ó ti ń kọ́ ọ nílé fún ọdún mẹ́tàdínlógún, kò tíì yege. Sísítà rẹ́rìn-ín, Jamilah wo ilẹ̀.

Má sì jẹ́ kí àwọn ará mọ́ṣáláṣí kó ìpayà bá ọ nípa ẹ̀kọ́ ìsìn ọdún mẹ́rin yẹn. Máàkì Jamilah ló ga jù ní kíláàsì. Ó ní ìdajì àwọn tí wọ́n ń kọ́ òun nípa wọn ni òun ti mọ̀ láti ilé kéú: Ànábì Ibrahima, Ànábì Músá, Ànábì Yúsúfù. Àwọn ọmọ Àgùdà gan-an ló ń bẹ̀ ẹ́ kó wá ṣàlàyé fún àwọn.

Ohun tó kù ni iṣẹ́ àánú. Òfin wọn ni pé ọmọ kò ní gba ìwé ẹ̀rí àfi bó bá ti fi ọgọ́ta wákàtí ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún arúgbó, aláìsàn tàbí aláìní, kí ẹni náà sì fọwọ́ sí i. Jamilah ti ṣe ju ìyẹn lọ. Èmi ló ṣe é fún. Láti ìgbà tí mo ti dé, òun ló ń gé èékánná ẹsẹ̀ mi, òun ló ń wà mí lọ sí mọ́ṣáláṣí, òun ló ń ka ara ìgò oògùn fún mi, òun ló ń jókòó tì mí lọ́dọ̀ dókítà. Ó kọ gbogbo rẹ̀, ó fi ránṣẹ́, wọ́n sì dá a padà. Wọ́n ní iṣẹ́ tí ènìyàn bá ṣe fún ẹbí rẹ̀ kò sí nínú iṣẹ́ àánú.

Mo ní kí Sísítà tún un sọ. Mo ní ṣé bí ọmọ mi bá gé èékánná mi, òfo ni, ṣùgbọ́n bó bá gé ti ọkùnrin kan tí kò mọ ilé bàbá rẹ̀, ó di èrè? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ti ẹbí, ojúṣe ni, ti ẹni tí a kò mọ̀ ni àánú. Mo wá rí i pé èmi ni mo jẹ wákàtí ọmọ yẹn tán láìmọ̀. Sísítà gbé ìwé kalẹ̀ kí òbí fọwọ́ sí i pé òun ti gbọ́. Sùnmọ́nù ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, Sùnmọ́nù ni mo sì ń jẹ́, mo fọwọ́ sí i. N kò sọ fún ọ, n kò sọ fún ìyàwó rẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ mi àkọ́kọ́ nìyẹn, kó o tó dé orí èkejì jọ̀wọ́ mu omi.

Oṣù Kẹta la wà nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹyin dé. Nínú ẹ̀kọ́ ìsìn ti ọdún kẹrin, wọ́n ń kọ́ wọn nípa ìgbéyàwó. Olùkọ́ wọn so ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan pọ̀, ó fún wọn ní ẹyin adìẹ kan pé ọmọ wọn nìyẹn, kí wọ́n gbé e káàkiri fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó má fọ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ títọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Jamilah gbé ẹyin wọlé nínú apẹ̀rẹ̀ kékeré, ó ti ya ojú àti imú sí i lára. Mo ní ta ni bàbá rẹ̀? Ó ní Déolú ni, Déolú Oyèwálé, pé ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀ náà, Greenbelt ni wọ́n ń gbé. Fàtáì, mo mọ̀ pé ẹyin ni. N kò tíì gọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé ìwé bá lè sọ pé ọmọ mi àti ọmọ ẹlòmíràn jẹ́ tọkọtaya fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣé ó bójú mu kí ìdílé méjèèjì má kí ara wọn?

Mo gba nọ́ńbà wọn, mo pè. Bàbá àgbà Déolú ló gbé e, ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi ìyẹn yangàn. Mo ro ẹjọ́ náà fún un. Ó ní òun ti gbọ́ láti àná, òun kàn ń ronú ni, nítorí ẹbí ọkùnrin ló yẹ kó kọ́kọ́ wá, ṣùgbọ́n ọmọ òun ti gbé mọ́tò lọ síṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé èmi àti ọkùnrin yìí yóò ṣe ọ̀rẹ́. Ní Sátidé, Déolú wà á wá. Bàbá náà gbé páálí ọsàn lọ́wọ́, a jókòó ní pálọ̀ yín, ẹyin wà lórí tábìlì láàárín wa, a sì ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bàbá Oyèwálé gbé ẹyin sókè, ó wò ó lọ wò ó bọ̀, ó ní orí yẹn jọ ti ẹbí àwọn. Mo ní ẹ gbé e kalẹ̀, ẹbí tiwa ni kì í hu irun. Àwọn ọmọ méjèèjì bo ojú. Ìyàwó rẹ ń sùn lókè, kò mọ̀ pé wọ́n ti wá kí òun. Ẹyin náà pé ọ̀sẹ̀ méjì láìfọ́, wọ́n sì gba máàkì gidi lé e lórí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà, àárín èmi àti páànù ìdín ló wà.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yẹn náà la gbọ́ pé iṣẹ́ àánú Déolú kò pé. Bàbá àgbà rẹ̀ lòun náà ń sìn, wọ́n sì ti dá tirẹ̀ náà padà. Èmi àti Bàbá Oyèwálé wo ara wa. O mọ ohun tó ń jẹ́ àáró: lónìí gbogbo wa wà lóko tèmi, lọ́la ó di tìrẹ, ẹnikẹ́ni kò gbowó, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé oko ara rẹ̀ ló ro. Bàbá Oyèwálé ló bọ́ ọ sẹ́nu. Ó ní ẹ jẹ́ kí a pààrọ̀ arúgbó. Kí Jamilah máa lọ sin òun ní Greenbelt, kí Déolú máa wá sìn mí ní Clinton. Èékánná kan náà ni, ẹsẹ̀ ló yàtọ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì dára lójú mi. Bàbá Oyèwálé ní ojú òun kò ríran mọ́, kí Jamilah máa ka Bíbélì Yorùbá fún òun. Ọmọ Mùsùlùmí, tí kò gbọ́ Yorùbá dénú, jókòó ní Greenbelt, ó ń ṣa ìwé Òwe jẹ lẹ́tà lẹ́tà, bàbá náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń tún un ṣe. Lọ́jọ́ kan ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ní Gúráńpà, ẹ kú ìjókòó. Mo wo ẹ̀yìn bóyá ọmọ ẹlòmíràn ló tẹ̀ lé e wọlé.

Déolú náà, ọmọ gidi ni, ṣùgbọ́n ó ga bí igi àgbọn, ọwọ́ òsì ló sì fi ń gba nǹkan. Ọjọ́ kìn-ín-ní tó dé, mo ní kó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè, ó ń padà sílẹ̀, ó ń kà á, nígbà tó dé mẹ́wàá ó ní Sà, ṣé ó tó? Mo ní ó tó, ọmọ mi, kódà ó ti kúrò ní ti bàbá, ó ti di ti ọba. Ó gé èékánná mi, ó tẹ́ ibùsùn mi, ó lọ aṣọ mi, ó sì jó apá kan àpò agbádá tó o rà fún mi nígbà Iléyá. Má bi mí léèrè èyí tó jẹ́.

Títí dé ibẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wọlé nígbà tí oṣù Kẹrin ń tán lọ, tí wákàtí kò sì pé. Bàbá Oyèwálé ní ọ̀nà oko wà lára iṣẹ́ oko, nítorí náà kí a ka ìrìnàjò láti Clinton dé Greenbelt mọ́ ọn, àlọ àti àbọ̀. Mo gbà. Lẹ́yìn náà ó ń ka ìgbà tí òun ń sùn lórí àga tí Jamilah jókòó tì í, ó ní ọmọ náà ń ṣọ́ òun ni. Èmi ẹ̀wẹ̀, mo rí páálí ẹyin nínú ilé ìdáná yín, ihò méjìlá géérégé, bí ọpọ́n ayò. Mo da ẹ̀wà sí i, mo kọ́ Déolú ní ayò, a sì ń ta á títí oòrùn fi ń wọ̀. Mo fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ pé ó ń tọ́jú arúgbó. Lọ́jọ́ tó bá jẹ́ kí n pa òun, mo máa ń fi díẹ̀ kún un.

Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ló tú àṣírí wa, èyí tí mo fi ń yangàn láti ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Sísítà gbé ìwé Déolú àti ti Jamilah síwájú ara wọn, ó rí i pé Sùnmọ́nù tó fọwọ́ sí i bí òbí ọmọbìnrin ni Sùnmọ́nù arúgbó aláìní tí ọmọkùnrin ń sìn. Ó pe fóònù. Ó béèrè Ọ̀gbẹ́ni Sùnmọ́nù. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé orílẹ̀-èdè yìí, ó ṣe mí bíi kí n sọ pé kò sí nílé.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá la lọ, èmi, Bàbá Oyèwálé àti àwọn ọmọ méjèèjì. Bàbá Oyèwálé kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ará Samáríà rere, pé ẹni tí kò mọ̀ rí ló gbé sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Sísítà ní òun mọ ìtàn náà. Ó ní ará Samáríà kò ka ọ̀nà Jẹ́ríkò mọ́ wákàtí. Bàbá Oyèwálé jókòó. Ni mo bá dìde, mo ṣàlàyé àáró fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún kíláàsì karùn-ún. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo parí, ó béèrè pé nínú àáró yín, bí ẹnì kan bá wá sí oko rẹ, tó sùn sábẹ́ igi títí ilẹ̀ fi ṣú, ṣé ẹ ń kà á fún un? Bàbá Oyèwálé ní háà, rárá o, ẹlẹ́yà ni wọ́n ń fi irú wọn ṣe. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

Sísítà mú kálàmù pupa. Ó fagi lé oorun, ó fagi lé ọ̀nà, ó fagi lé ayò. Ó ní ní ti pípààrọ̀ arúgbó, òun ti wo òfin yíká, kò sí ibi tó ti lòdì, kò kàn sí ẹni tó ronú kàn án rí ni. Ohun tó kù fún àwọn ọmọ kò pọ̀, ilé àwọn arúgbó tí ìjọ wọn ní lẹ́bàá ibí ni wọ́n yóò ti parí rẹ̀ ní Sátidé méjì. Ó wá kọjú sí àwa méjèèjì, ó ní àwa náà yóò bá wọn lọ, a ó sì ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní fọwọ́ sí tiwa. Mo lọ ní Sátidé tó kọjá yìí. Wọ́n ní kí n máa fi ṣíbí bọ́ ọkùnrin kan tí mo fi ọdún mẹ́fà jù. Ó ní ata oúnjẹ òun kò tó. Mo ní ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà lo sọ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ nìyí, Fàtáì. Sísítà ní gbogbo èyí kò ní ṣiṣẹ́ àfi bí bàbá ọmọ fúnra rẹ̀ bá wá, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, kó sì sọ pé òun fọwọ́ sí i kí ọmọ òun parí wákàtí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, ọjọ́ kẹtàdínlógún, láàárọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n ń tẹ orúkọ àwọn tó ń jáde. Bí o kò bá wá, orúkọ Jamilah kò ní sí níbẹ̀. Mo sọ fún Sísítà pé ọmọ mi ọkùnrin le, kì í fojú fo ìwà èrú. Ó béèrè pé ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. N kò dá a lóhùn.

Ìwọ ni mo fẹ́ dá lóhùn. Ọdún 1962, nígbà tó yẹ kí o gba ìwé mẹ́fà, o kò ro ebè tìrẹ ní oko ilé ìwé, òfin sì ni pé ẹni tí kò bá ro ebè rẹ̀ kò ní gbàwé lọ́dún náà. Ìyá rẹ wà lórí àìsàn, ìwọ lò ń pọnmi, ìwọ lò ń gún egbò igi, ìwọ lò ń fọ aṣọ rẹ̀ lódò. Mo mọ̀. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé. Síbẹ̀ mo yọ orúkọ rẹ, mo ní iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe fún ìyá rẹ̀ kò ro ebè. Gbogbo abúlé yìn mí, wọ́n ní hẹdimásítà yìí kò mọ ọmọ tirẹ̀ yàtọ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń pín ìwé fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ, mo rí ọ lẹ́yìn fèrèsé, o gbé korobá omi lọ́wọ́, o sì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn bí o bá ti gbé korobá náà kalẹ̀. Ọdún kan gbáko lo fi jókòó sílé. Ó ti pẹ́ tí mo máa ń pe ìyẹn ní ìbáwí. Kì í ṣe ìbáwí. Ìyìn àwọn ènìyàn ló dùn mọ́ mi, mo sì fi ọ́ rà á. Fàtáì, má bínú sí mi. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ nígbà tí ìyá rẹ ṣì wà láyé láti gbọ́ ọ.

Nítorí náà bínú sí mi bó ṣe wù ọ́, èmi ni mo dáhùn fóònù, èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé, èmi ni mo ta ayò. Ṣùgbọ́n wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọmọ tó sin bàbá rẹ kò yẹ lẹ́ni tí a ó fi sẹ́yìn fèrèsé. N kò ní wọ yàrá náà pẹ̀lú yín. Bẹ́ńṣì kan wà ní kọ́rídọ̀ wọn, níbi tí àwọn òbí ọlọ́ràn ń jókòó sí, mo ti kó irú wọn jókòó púpọ̀ láyé mi, èmi náà yóò lọ jókòó níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì tún wà. Mẹ́rin ni wọ́n ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde: ìwọ, Qúdrát, Sufyan, àti ìyá Qúdrát tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Èmi ni ẹnì karùn-ún, n kò sì ráhùn. N kò sì gbàdúrà pé kí ìyá ìyàwó rẹ má rí físà gbà. Mo kàn ń sọ fún ọ pé àwọn tó ń fúnni ní físà ní Èkó kò rọrùn lọ́dún yìí, bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, aṣọ mi ti wà ní lílọ̀.

Bí o bá ń bọ̀, mú owó díẹ̀ dání. Mo nílò bàtà kánfáàsì bíi ti Sísítà, nítorí ilẹ̀ ilé àwọn arúgbó yẹn ń yọ̀. Owó fóònù oṣù yìí yóò ga díẹ̀, mo pe Abibat ní Ìsẹ́yìn láti sọ fún un pé kó má tíì tẹ́ ibùsùn fún ẹnikẹ́ni, ó sì ń sunkún ayọ̀ lórí owó rẹ. Owó agbádá tí iná jó, ìyẹn lè dúró di Iléyá ọdún tó ń bọ̀.

Ọlọ́run yóò gbé ọ dé láyọ̀. Ọ̀nà kò ní nà ọ́, iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ nítorí pé o tọrọ àyè ọjọ́ kan. Ìwọ náà yóò dàgbà, wàá sì rí ọmọ ọmọ tí yóò gé èékánná rẹ láìka wákàtí. Kí Ó fún ọ ní ọkàn tó rọ̀ ju ti bàbá rẹ lọ, kí Jamilah má ṣe dúró di ìgbà tí o bá hu ewú kó tó gbọ́ má bínú lẹ́nu rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sùnmọ́nù Bákàrè.